Ìwé Aunty Mahin Tí Mo Fi Ọwọ́ Méjì Gbà

Òórùn ìrẹsì tó ń jó ló máa ń jí mi ní àárọ̀ Sátidé nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí apartment ní Decatur, ẹ mọ̀ pé ògiri ilé wa nígbà náà ò nípọn ju páálí lọ. Ohun tí aládùúgbò bá sè, imú gbogbo wa ló máa bá a jẹ ẹ́. Bọ́tà lá kọ́kọ́ wọlé, nǹkan olóòórùn dídùn kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ á wá jó. Màmá mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti night shift dé láti ọsibítù, á bọ́ bàtà nọ́ọ̀sì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á fa imú, á ní: "Obìnrin yìí tún ti jó ìrẹsì! Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń kọ́ ara wọn ní yunifásítì yẹn gan-an?"

Aunty Mahin ló ń bá wí, ará Iran tó ń gbé ní iwájú ilé wa. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Aunty Mahin mọ̀ọ́mọ̀ ń jó ìrẹsì náà ni. Èépá ìdí ìkòkò yẹn gan-an ni wọ́n ń torí rẹ̀ se ìrẹsì lọ́dọ̀ wọn, àlejò pàtàkì ni wọ́n sì ń bù ú fún. Nígbà tí mo ròyìn èyí fún Màmá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí níwájú orí wò bóyá ibà ń ṣe mí. "Èépá ni wọ́n ń fún àlejò? Tí wọ́n bá wá ń bínú sí èèyàn ńkọ́?"

Ọ̀mọ̀wé ni Aunty Mahin. Ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì nípa àwọn ìtàn àtijọ́ tí wọ́n kọ ní èdè Páṣíà, iṣẹ́ yẹn ló ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gba ọkàn rẹ̀ ni ìwé ìtàn àròsọ tó ń kọ, ní èdè Páṣíà yẹn kan náà. Ó ti kọ mẹ́rin kí n tó mọ̀ ọ́n. Ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n ta méjì nínú wọn nílùú rẹ̀, àwọn tó sì lè kà wọ́n ní Atlanta ò pọ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé: "Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló ń ka ìwé mi ní gbogbo Georgia, Títí-jan. Mẹ́rin nínú wọn, mọ̀lẹ́bí mi ni, wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀." Jan yẹn, bí wọ́n ṣe ń pe ẹni tí wọ́n fẹ́ràn nìyẹn. Òyìnbó lèmi àti ẹ̀ jọ máa ń sọ, ṣùgbọ́n Yorùbá ni màá fi ròyìn rẹ̀ fún yín.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé bá já mi sílẹ̀, torí Màmá á ti máa múra iṣẹ́, Dádì mi tó ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Suwanee kì í sì í tètè dé. Mo máa ń jókòó sídìí tábìlì kan náà pẹ̀lú rẹ̀ nínú kíṣìnì, èmi ń ṣe homework, òun ń kọ̀wé pẹ̀lú íńkì aláwọ̀ ewé, láti ọwọ́ ọ̀tún bọ̀ sí òsì. Kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀, ó fi aṣọ bò ó. Ó ní ẹ̀rọ tó ń sáré tó bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí èèyàn kọ ohun tí kò tíì rò tán. Ẹ ò tíì rí ẹni tó ń kọ̀wé rí àfi tí ẹ bá rí Aunty Mahin! Á ka gbólóhùn kan sókè, á fi ọwọ́ gbá tábìlì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkùnrin inú ìwé rẹ̀ bí ẹni tí ọkùnrin náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Mo gbọ́ èébú Páṣíà kí n tó gbọ́ "ẹ káàárọ̀" wọn. Títí dòní, tí awakọ̀ kan bá já wọ iwájú mi lójú ọ̀nà I-85, Páṣíà ló ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi.

Tí ara bá ti tù ú, á sọ ìtàn tó ń kọ fún mi. Ìyàwó apòògùn kan ni, arúgbó, tó wà lórí àìsàn. Dókítà ní kò ní lo ọ̀sẹ̀ náà parí. Ìyá náà ní irọ́ ni, òun ò ní kú, àfi tí ọkọ òun bá kọ́kọ́ bẹ òun nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ òun tó tà láìsọ fún òun ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọkọ náà kọ̀, kò bẹ̀ ẹ́. Ó ní tóun bá bẹ̀ ẹ́ tó sì kú, òun lòun pa á nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, ìyá ò kú, bàbá ò bẹ̀bẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá sìnkú ti jẹ oúnjẹ ilé tán. Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi dùn mí. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní báwo ló ṣe parí, Aunty Mahin á mi orí. Ó ní íńkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbẹ. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ọ́, sínú ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn awọ pupa, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíì.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Àwọn ìyá wa tó wà ní Atlanta nígbà yẹn, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé a ò ní lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá fi ẹ̀kọ́ kún ẹ̀kọ́. Àdúrà àárọ̀ ò tíì parí tí Màmá á ti máa wí pé: "Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà." Tí àgbà bá fún ọ ní nǹkan, kúnlẹ̀, fi ọwọ́ méjì gbà á, má sì kọ̀ ọ́. Ìfọ́tí ọ̀tún àti tòsì ni wọ́n fi tẹ ẹ̀kọ́ yìí mọ́ mi lára.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, Aunty Mahin parí ìwé rẹ̀. Ó fi íńkì náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pa ìwé dé, ó da tíì fún ara rẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀yìn ìwé pupa yẹn bí ìyá ọmọ tuntun. Inú mi dùn sí i. Mo ní: "Aunty, ìwé yín mà rẹwà o!"

Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba díẹ̀. "Tìrẹ ni, Títí-jan. Kò tiẹ̀ tó fún ẹ."

Àṣà wọn nìyẹn. Tó o bá yin nǹkan wọn, wọ́n á ní kó o máa mú un lọ, ìwọ náà á ní rárá o, ọwọ́ yín ló ti yẹ ẹ́, nǹkan á sì wà níbi tó wà. Kò yàtọ̀ sí "ẹ wá bá wa jẹun" tiwa. Ẹni tó bá sọ ọ́ ò retí pé kó o fa àga jókòó, "á gba ibi ire" ló fẹ́ gbọ́. Ká ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni, mi ò bá ti mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún mi pé wọ́n ń fi ìwé ṣe irú ẹ̀? Mo fò dìde, mo kúnlẹ̀ gbọn-in sórí rọ́ọ̀gì rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run á fi kún un fún yín."

Aunty Mahin wo ìwé. Ó wò mí lórí ìkúnlẹ̀ yẹn títí. Ó wá gbé iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá lé mi lọ́wọ́, ó sì tún bá mi wá ọ̀rá tí mo fi gbé e, kí òjò má pa á.

Mo sáré délé, mo fi han Màmá. Ó ti ń sọ fún mi pé "o káre, ọmọ mi" kó tó ṣí i. Ni ìwé bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Jésù! Tírà!" Ẹ má bínú sí ìyá mi. Ìkọ̀wé tó dà bíi ti Lárúbáwá tó mọ̀ láti kékeré, ọrùn ọmọdé àti orí ilẹ̀kùn ló ti ń rí i. Ó ké pe Dádì, torí pé kí Dádì tó tẹ̀ lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ ilé kéwú ni ní Ìsẹ́yìn. Dádì wọ awò ojú, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké e pẹ̀lú ohùn dídùn. Ìyá inú ìwé ń bú ọkọ rẹ̀, Dádì ń fi ohùn wàásù kà á! Nígbà tó yá, ó dúró, ó ṣí awò ojú, ó tún un wọ̀. "Lẹ́tà yìí ní àmì tóótó mẹ́ta nísàlẹ̀. Alfa ò kọ́ wa ní eléyìí. Pẹ̀lú gbogbo pàṣán tí mo jẹ!"

"Ṣé ẹ rí i?" Màmá wí. "Ohun tí alfa fúnra ẹ̀ ò mọ̀!"

Dádì ní kí wọ́n dá a padà. Màmá yarí. Wọ́n ń dá ẹ̀bùn àgbà padà ni? Ṣé kí obìnrin náà wá lọ máa sọ kiri yunifásítì pé àwọn Yorùbá ò lẹ́kọ̀ọ́? Ó da òróró àdúrà sórí ìwé náà, ó fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, ó gbé e sínú trunk mọ́tò, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Ó pe Pásítọ̀ lórí fóònù. Pásítọ̀ ní kó gbé e wá lọ́jọ́ Sunday, àwọn á gbàdúrà sí i, àwọn á sì dáná sun ún. Ọkàn mi gbọgbẹ́, ṣùgbọ́n ìwé tèmi ni mo rò pé wọ́n fẹ́ sun.

Lọ́jọ́ Wednesday, Aunty Mahin kan ilẹ̀kùn wa, ó gbé bisikíìtì wá. Kò wá sílé wa rí. Màmá bu ìrẹsì fún un. Aunty Mahin ní rárá, òun ti yó. Màmá tún rọ̀ ọ́. Ó tún ní rárá. Màmá ní "okay o", ó gbé abọ́ padà sí kíṣìnì, bẹ́ẹ̀ mo rí i tí obìnrin náà ń fi ojú tẹ̀ lé ẹran. Ó wá béèrè pé ṣé ìwé yẹn ò gba àyè jù nílé wa. Màmá ní ah, rárá o, orí rẹ̀ ni Títí máa ń sùn lé. Thursday, ó tún padà wá, ó gbé ìwé tuntun dání tí wọn ò tíì kọ nǹkan sí, ó ní bóyá irú èyí ló máa wúlò jù fún ọmọ ilé ìwé. Màmá fi ọwọ́ méjì gba ìyẹn náà! Ìyá mi tó máa ń sọ ní gbogbo ìgbà pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ méjì ló wọlé wa lọ́sẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó di odindi.

Ní Friday tí mo dé láti ilé ìwé, ilẹ̀ kíṣìnì Aunty Mahin kún fún bébà tí wọ́n rún. Ọwọ́ rẹ̀ kún fún íńkì dé ọrùn ọwọ́. Kò gbọ́ "good afternoon" mi. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́, ó ń fi ìkúùkù lu iwájú orí ara rẹ̀. Ó ní òun ń gbìyànjú láti rántí bí òun ṣe kọ ìparí ìtàn òun.

"Ẹ ò ṣe wo inú ìwé?"

"Ìwé ti di tìrẹ."

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ padà ni?"

"Rárá, Títí-jan. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

"Mo ní rárá."

Ọmọdé ni mí, ẹ sì mọ bí ọmọdé ṣe máa ń yọni lẹ́nu. Mo tún ní: "Aunty, ṣé ẹ fẹ́ ẹ?"

Ó gbé kálàmù sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ ẹ. Kò sí òmíràn láyé." Ló bá bú sẹ́kún. Mi ò rí àgbàlagbà tó sunkún bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìwé tèmi kọ́ ni wọ́n fẹ́ sun. Nígbà tó nu ojú tán, ó mú mi ṣèlérí pé mi ò ní sọ fún Màmá pé òun béèrè. Ìtìjú ni fún un. Mi ò sì lè sọ fún un pé ìwé ọ̀hún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu, ó ń dúró de iná.

Àárọ̀ Sunday dé. A kó sínú mọ́tò, Màmá ń wà á, Dádì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìwé wà lẹ́yìn wa. Mi ò lè sọ pé Aunty Mahin fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n má sọ ìtàn. Mo ní: "Mummy, ìyá arúgbó kan wà tó kọ̀ tí kò fẹ́ kú."

"Torí kí ni?"

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀rọ ìránṣọ, Màmá fi ọwọ́ lu steering. "Ó tà á láìsọ fún un? Ọkùnrin!"

"Bóyá owó oúnjẹ ló fẹ́ fi ṣe," Dádì wí.

"Ẹ dákẹ́, Dádì Títí. Ẹni tí wọ́n ta kámẹ́rà rẹ̀ ní Ìbàdàn ṣì jókòó síbí." Mi ò gbọ́ nípa kámẹ́rà kankan rí. Dádì yíjú sí fèrèsé.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Suwanee wà láàárín àwọn warehouse, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta táyà. A dé ibẹ̀, orin ìyìn ti bẹ̀rẹ̀, Màmá ò bọ́ sílẹ̀. "Ọkọ náà ò wá bẹ̀ ẹ́?" Mo ní ó kọ̀ ni, torí kó má bàa kú. Màmá yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ó máa ń rí àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àtàwọn ọkọ tó ń dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. "Báwo ló wá ṣe parí?"

"Mi ò mọ̀, ma. Inú ìwé yẹn ló wà, Aunty Mahin nìkan ló sì lè kà á. Tí Pásítọ̀ bá ti sun ún, ó parí náà nìyẹn."

Màmá yíjú padà wò mí. Mo rò pé ìfọ́tí ń bọ̀. Dádì ń fi ẹ̀rín pamọ́ sínú Bíbélì. Nígbà tí wọ́n jáde ìsìn, ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni Màmá gbà kí Pásítọ̀ má bàa rí wa, ó sì fi eré wa mọ́tò padà sí Decatur.

Ó kan ilẹ̀kùn Aunty Mahin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. Ọgbọ́n tó ti rò bọ̀ lójú ọ̀nà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ: "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ bá wa tọ́jú ìwé yìí. Ilé wa kún, ọmọdé sì ni Títí." Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Aunty Mahin gbé ọwọ́ lé àyà: "Rárá, rárá, ti Títí ni." Màmá tún na ìwé sí i. Aunty Mahin tún ní kò ṣeé ṣe. Màmá ní "okay, ma", ó sì ń gbé ìwé padà sínú ọ̀rá! Mo rí ojú Aunty Mahin, mo sì rántí pé ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo béèrè ní Friday ló tó sọ òótọ́ fún mi. Mo fa aṣọ Màmá títí ó fi fẹ́ẹ̀ ya.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i, Mummy! Ẹ tún sọ ọ́!"

"Ṣé o ò gbọ́ pé kò fẹ́ ni?"

"Ẹ ṣáà tún sọ ọ́!"

Pẹ̀lú ìbínú ni Màmá fi na ìwé náà, bó ṣe ń fún aláìsàn olóríkunkun lóògùn. "Ẹ gbà á, jàre!"

Aunty Mahin fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbá a mọ́ àyà. Ó ṣí i, òróró ti wọ inú ogún ojú ìwé, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ṣì ṣeé kà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Màmá ní, tìtìjú tìtìjú, pé àwọn kàn gbàdúrà sí i ni. Aunty Mahin rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yẹn. "Ẹ ṣeun. Àwọn tó máa bu ẹnu àtẹ́ lù ú ti wà ní sẹpẹ́, yóò nílò àdúrà."

Ó ní ká jókòó, ó sì ka ìparí rẹ̀ fún wa, ó ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà bẹ̀ ẹ́ níkẹyìn, lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ti gbà pé ìyàwó òun máa kú. Ìyá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fa ìrọ̀rí sẹ́yìn, ó ní: "Ó dáa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbádùn ẹ̀bẹ̀ yìí ná." Kò kú. Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì jẹ èépá ìrẹsì abọ́ méjì. Nígbà tá a délé, mo gbọ́ tí Dádì ń sọ nǹkan kan jẹ́jẹ́ nípa kámẹ́rà.

Wọ́n tẹ ìwé náà jáde lókè òkun ní ọdún kejì. Ẹ̀dà kan wà nílé mi ní Buford, mi ò lè ka ojú ìwé kan nínú ẹ̀. Mo ti lé ní ọdún márùndínlógójì báyìí. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, mo ń kó ọmọ lọ sí soccer, ó sì máa ń rẹ̀ mí. Aunty Mahin ṣì wà ní apartment yẹn. Ó ti fẹ̀yìn tì, àwọn tó máa ń bẹ̀ ẹ́ wò ti kú, àwọn mìíràn ti kó lọ. Lóṣù tó kọjá, Màmá sọ fún mi pé ojú rẹ̀ ti ń ṣú, kò fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó ń kọ mọ́. Mo pè é. Mo ní ṣé kí n máa wá lọ́jọ́ Sátidé, kí n máa gbé e lọ ra nǹkan, kí n máa ka lẹ́tà rẹ̀ fún un.

"Rárá, Títí-jan," ó wí. "Ọ̀nà jìn. Má da ara rẹ láàmú."

Mo mọ̀ pé rárá àkọ́kọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ní gbogbo Georgia. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn á ti tún béèrè kí obìnrin náà tó mí. Èmi ní "okay, ma", mo gbé fóònù sílẹ̀, inú mi sì dùn pé ó kọ̀.